Ta Ni Yóò Sọ Àwọn Ọmọ Durfa Lórúkọ?

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ènìyàn máa ń kà tí yóò pa dé, tí yóò sì ti gbàgbé rẹ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Who Fears Death, ìwé ìtàn-àròsọ tí Nnedi Okorafor kọ, kò sí lára wọn. Ọdún 2010 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún 2011 ni ó gba ẹ̀bùn World Fantasy, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹnu àwọn tó ti kà á kò tíì kò. Àwọn kan ní ìwà ipá inú rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní bí ogun ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹni tí kò bá lè gbọ́ kó kúrò nídìí rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ràn ọmọbìnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nítorí pé inú rẹ̀ a máa tètè ru; àwọn mìíràn ń béèrè pé ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú ohun tí ó rí, kí ni kò ní bí i nínú? Èrò tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Èrò àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ọ̀rọ̀ ìwé lọ́wọ́ wọn rí ni: àwọn ará ilé wa ní Òrìn-Èkìtì.

Ìgbà ọyẹ́ ni, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Mo ti Adó-Èkìtì wálé láti parí iṣẹ́ ìtumọ̀ kan tí kò ní adùn kankan, mo sì mú ìwé náà dání láti fi tu ara mi lára. Yèyé, ìyá bàbá mi, ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń mú mi mí kanlẹ̀ nídìí ìwé. Ojú Yèyé kò ríran kàwé mọ́, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ kí ìròyìn kankan kọjá wọn, ìbáà dùn, ìbáà burú. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo máa ń ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé itan, ẹnu mi a sì máa sọ Yorùbá. Kí alẹ́ kẹta tó pé, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ, ti gbé àga tiwọn wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì, a máa dara pọ̀ mọ́ wa bí wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ ní igun. Nígbà tó yá, fóònù náà dákẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, báyìí ni ìtàn náà ṣe lọ. Ilẹ̀ Sudan ni, ṣùgbọ́n Sudan ti ọjọ́ iwájú ni, lẹ́yìn tí ayé tí a mọ̀ ti dojú rú. Àlòkù kọ̀ǹpútà ṣì wà káàkiri, ẹ̀rọ kan sì wà tí arìnrìn-àjò ń gbé dání, tó ń fa omi mímu láti inú afẹ́fẹ́ (Yèyé fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á). Ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀, Nuru àti Okeke. Àwọn Nuru ń pa àwọn Okeke run, wọ́n sì ní ìwé mímọ́ kan tó fi yé wọn pé ẹrú ni a dá àwọn Okeke láti jẹ́. Ní ọjọ́ kan, Najeeba, obìnrin Okeke, bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbàdúrà nínú aṣálẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Nuru ká wọn mọ́. Daib, oṣó paraku, ló fi ipá bá Najeeba lò pọ̀. Nígbà tí Najeeba fà tìrọ́tìrọ́ padà délé, ọkọ rẹ̀ kò gbà á. Ó yí padà, ó wọ inú iyanrìn lọ, kí ikú wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ìyè ló pàdé: oyún ti dúró. Ó dá bí ọmọbìnrin kan nínú aṣálẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Onyesonwu, orúkọ Igbo tó ń béèrè pé ta ní ń bẹ̀rù ikú.

Àwọ̀ iyanrìn ni ọmọ náà bá wáyé, irun rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ewu ni ìwé náà ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ìwà ipá bí, tí gbogbo ìlú sì gbà pé ìwà ipá ni òun náà yóò hù. Òǹkọ̀wé náà kò kọ ọ́ fún etí Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí bí etí Yorùbá yóò ṣe gbọ́ ọ tí kò ní ta gìrì. Yèyé bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. “Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè ní ewu?”

Bí ó ti ń dàgbà ni ó ń rí i pé òun lè pa ara dà di ẹyẹ, pé òun lè tọwọ́ bọ ibi tí ẹ̀mí ń gbé. Ó sì rí i pé bàbá tó bí i mọ̀ pé òun wà láyé, ó sì ń wá òun láti pa. Ó yan ọ̀nà rẹ̀: òun ni yóò kọ́kọ́ wá a kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé inú orí òǹkọ̀wé nìkan ni gbogbo èyí ti wá. Ogun Darfur bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ọdún 2004, Emily Wax kọ ìròyìn kan sínú ìwé ìròyìn Washington Post láti ibẹ̀, nípa àwọn obìnrin tí àwọn jàndùkú ogun ń fi ipá bá lò pọ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún wọn lójúkojú pé àwọn fẹ́ kí wọ́n bí ọmọ aláwọ̀ fífẹ́lẹ́ fún àwọn. Okorafor fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìròyìn yìí wà lára gbòǹgbò ìwé òun. Mo sọ èyí fún wọn nílé. Láti ìgbà náà ni Bàbá Kékeré kò ti pe ìwé náà ní àlọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti yára kọjá ìṣòro mi àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni. Kí ni à ń pe ilẹ̀ iyanrìn tí kò ní igi? Aginjù ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, nítorí pé aginjù ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn nínú Bíbélì. Fún ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó. Fún Bàbá Kékeré, tí wọ́n ti ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe wọn, aginjù ni igbó dídí tí oòrùn kì í dé ilẹ̀ rẹ̀. Fún odindi alẹ́ kan, igi ìrókò ni wọ́n ń rí nínú ìtàn tèmi. Nígbà tí mo wá dé ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré, wọ́n dá mi dúró pé, “Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Igi ńkọ́?” Mo ní kò sí igi. Wọ́n ní aginjù wo ni kò ní igi? A wá fi ẹnu kò sórí aṣálẹ̀, Yèyé sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ wọn ju bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ lọ: ilẹ̀ tí ènìyàn kò rí ohun tí yóò sá sí lẹ́yìn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ láti ìgbà náà. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá, igbó ni wọ́n ti kọ́ wa láti wá iwin. Láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ni D. O. Fágúnwà ti sọ ewé àti ìtàkùn di aṣọ fún ohun àìrí. Ẹ̀yìn igi ni iwin máa ń gbà yọ. Nínú ìwé Okorafor, kò sí ẹ̀yìn igi. Daib kò fara pamọ́. Àwọn ọmọ ogun ń bọ̀ lójú ọ̀sán gangan, àwọn obìnrin náà ń gbọ́ ìró wọn, kò sì sí ibi tí wọn yóò sá gbà. Ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù gbangba. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn òǹkàwé kan fi ń sọ pé ìwé náà le jù: kò fún ojú wọn níbi ìsinmi.

Àbúrò mi ló mú aṣálẹ̀ náà wọlé fún Yèyé pátápátá. Ó ṣàlàyé pé eruku tó ń bo àga wa nígbà ọyẹ́, apá kan rẹ̀ láti Bodélé ni, ní orílẹ̀-èdè Chad, àti pé Chad yẹn ló pààlà pẹ̀lú Darfur. Yèyé fi ìka kan ojú fèrèsé, wọ́n wo eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn, wọn kò sì nù ún kíákíá.

Ikú bàbá ni ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní Jwahir, ìlú tí Najeeba gbé ọmọ rẹ̀ wá tẹ̀dó sí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nínú iyanrìn, alágbẹ̀dẹ kan fẹ́ ìyá, ó sì sọ ọmọ di tirẹ̀. Fadil Ogundimu ni orúkọ rẹ̀. Mo pè é gbọ́ngbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, láìfi àmì sí i, Yèyé sì tún un ṣe: “Ògúndìmú. Ṣé alágbẹ̀dẹ ni? Ẹni tí Ògún dì mú.” Bí ọkùnrin náà ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Igbo ni àwọn òbí Okorafor, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1974, ó sì kó orúkọ jọ láti ibi púpọ̀, láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá, láti ọ̀dọ̀ Igbo, láti ìlà oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wá orúkọ fún ọkùnrin rere tó ń rọ irin, ọ̀dọ̀ tiwa ló wá. Ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fọwọ́ kan òkú bàbá tó tọ́ ọ ní ọjọ́ ìsìnkú, òkú náà sì mí níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yìn ikú bàbá tirẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Bàbá tèmi, àkọ́bí Yèyé, kò tíì pé ọdún méjì nílẹ̀ ní alẹ́ tí mo ka ibẹ̀. Yèyé ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Ìjà ńlá àkọ́kọ́ wáyé lórí Èṣù. Eshu ni ìwé náà ń pe ẹni tó lè pa ara dà, nítorí náà Eshu ni Onyesonwu. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí akọrin ní ìjọ wọn, ní kí n fo ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá ti fi orúkọ Èṣù pe sàtánì, ó ti ṣòro fún púpọ̀ nínú wa láti gbọ́ orúkọ náà bí ẹni gbọ́ orúkọ òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tó ń dúró ní oríta. Mo ṣàlàyé, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ohun tí òǹkọ̀wé Igbo yìí ṣe súnmọ́ Èṣù àwọn baba wa ju ohun tí à ń pariwo lórí pẹpẹ lọ: ẹni tí kò ní ojú kan, ẹni tí ojú ọ̀nà kì í ṣí bí kò bá sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n máa pè é ní “aparadà” nígbà tí àwọn bá wà níjòókòó. Mo gbà. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìjà kejì kò ní ẹ̀rín nínú. Ní Jwahir, àwọn ọmọbìnrin tó bá pé ọdún mọ́kànlá a máa lọ dábẹ́. Onyesonwu lọ fúnra rẹ̀, láìsọ fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ó rò pé bí òun bá ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe, ojú kò ní máa ti àwọn òbí òun mọ́ nítorí òun. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n wá mọ̀ pé oògùn wà lára abẹ ọ̀hún, tó ń sọ ìfẹ́ ara di ìrora fún ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti bá Okorafor wí, pé ó ń tú àṣírí ilé fún àlejò. Àbúrò mi náà wà lára wọn. Ó ní òyìnbó ló ń kọ̀wé fún, òyìnbó ló sì fún un ní ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Orí H. P. Lovecraft, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ni wọ́n fi ń ṣe ère ẹ̀bùn World Fantasy nígbà náà, ọkùnrin náà sì ti kọ ewì èébú nípa aláwọ̀ dúdú nígbà ayé rẹ̀. Okorafor gbé ère náà sílé, ó sì kọ̀wé síta lọ́dún 2011 kan náà láti béèrè ohun tó yẹ kí ènìyàn bíi tirẹ̀ fi orí ọkùnrin yìí ṣe. Ní ọdún 2015, wọ́n kéde pé àwọn kò ní lo ère náà mọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé láti fi wá ojúrere kì í sábà bi olóore rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n dá àbúrò wa lóhùn ní tiwọn. Nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n ti gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin tí wọ́n dábẹ́ fún nígbà tí wọn kò tíì lè jókòó, wọ́n sì mọ ohun tí àpá yẹn ń ṣe nígbà tí orí ọmọ bá ń bọ̀. Òfin àpapọ̀ ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá ti ka abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá ẹ̀yìn. Ohun tó wú wọn lórí ni pé òǹkọ̀wé náà kò gbé ọ̀bẹ lé ọwọ́ ọkùnrin búburú kan. Àwọn ìyá àgbà ló ń ṣe é, pẹ̀lú ìfẹ́. Gbogbo wa wo Yèyé. Yèyé ní, “Èmi náà gbé àwọn ọmọbìnrin mi lọ sọ́dọ̀ olóòlà. Bí wọ́n ṣe gbé èmi náà lọ nìyẹn.” Wọn kò fi kún un. A kò ka ìwé mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ní láti sọ ohun tó wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, nítorí pé láìsí i, ohun tí Bàbá Kékeré sọ kẹ́yìn kò ní yé ẹni tí kì í ṣe ará ìhà tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ àwọn ọba Èkìtì mẹ́ta lọ́nà bí wọ́n ti ń ti ìpàdé bọ̀ láti Ìrèlé-Èkìtì. Wọ́n pa Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Alárá ti Àrà-Èkìtì ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré-Èkìtì. Àwa tí a ti gbà pé ọba kì í kú bí adìyẹ, ojú wa rí i. Bàbá Kékeré kò lọ sí oko wọn tó jìnnà mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹnìkan jẹ ẹ́ tàbí ẹran jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ní ẹnu àwọn èrò ọjà, ìdájọ́ ti jáde kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀: àwọn Fúlàní ni, gbogbo wọn ni.

Obìnrin Fúlàní kan wà tó ń ta wàrà fún Yèyé láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ èdè Èkìtì ju àbúrò mi lọ, “ulé” ló ń pe ilé. Lẹ́yìn ikú àwọn ọba, a kò rí i fún oṣù mélòó kan. Yèyé ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti ọ̀nà ọjà bọ̀. Nígbà tó padà wá, igbá rẹ̀ ti kéré, kì í sì í jókòó mọ́. Yèyé ń rà á, Bàbá Kékeré kò fi kan ẹnu.

Alẹ́ kọkànlá ni a parí ìwé. Durfa ni ìlú tí Daib ń gbé. Onyesonwu dé ibẹ̀ pẹ̀lú Mwita, ọkùnrin tó fẹ́ràn, tí òun náà jẹ́ Ewu. Wọ́n kojú Daib, Mwita sì kú. Nínú ìbànújẹ́ àti ìrunú ọjọ́ náà, agbára kan ti ara ọmọbìnrin náà jáde, ó sì gba àárín ìlú kọjá. Gbogbo ọkùnrin tó tó ẹni tí ń fún obìnrin lóyún ṣubú, wọ́n kú. Gbogbo obìnrin tó tó ẹni tí ń lóyún sì lóyún lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ ẹni tó ti ń dúró de nǹkan fún ọdún kan ni. “Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí mo bá ní irú agbára bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, n kò ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì.” Wọ́n sọ nípa ayé àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ lé òkú ẹni tí wọ́n pa lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ lè lọ gbẹ̀san. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀san. Àbúrò mi sọ pé àwọn Nuru ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Yèyé kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lóhùn. Wọ́n yíjú sí mi. “Àwọn obìnrin ìlú náà, ṣé wọ́n béèrè fún oyún?”

Mo ní rárá.

“Ìyá ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, ṣé òun béèrè?”

Mo ní rárá.

“Ta ni yóò sọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lórúkọ?”

Èmi tí mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e wálé, mo jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan. Àwọn òǹkàwé tí mo mọ̀ sábà máa ń jà lórí ikú àwọn ọkùnrin Durfa, bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, bóyá oníbúrẹ́dì tí kò gbé ìbọn rí yẹ lẹ́ni tí ń kú fún ẹ̀ṣẹ̀ Daib. Ìjà náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ni Yèyé rí. Ọmọ tí wọ́n fi ipá gbìn sínú ìyá rẹ̀ dàgbà, ó di alágbára, ó lọ gba ẹ̀san ìyá rẹ̀, ó sì fi oyún tí wọn kò béèrè sínú àìmọye obìnrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí Daib ṣe fún ẹnì kan, ọmọ Daib ṣe é fún ìlú. Mo gbà pé Okorafor mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé kò fi orin tàbí ayọ̀ kankan sí i. Obìnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi ka ìwé yìí sí ìwé ńlá nìyẹn, ju ìwé mìíràn tí akọni inú rẹ̀ ti pa ọ̀tá tí a sì pàtẹ́wọ́ fún un lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó yára kúrò ní Durfa jù. Ó yẹ kó jẹ́ kí a wọ ilé kan, kí a rí obìnrin kan ṣoṣo tó gbé ọwọ́ lé ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ọkọ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú àṣà tiwa, bí Yèyé ṣe wí ní ọjọ́ kejì nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, èpè mọ ilé tó ń lọ. Bí wọ́n bá gbé olè fún Ṣàngó, ẹrù tó jí ni wọ́n máa ń bá ní àyà rẹ̀, kì í ṣe ní àyà aládùúgbò rẹ̀. Agbára tí kò mọ ojú ènìyàn, wọn kò mọ orúkọ tí wọn yóò pè é. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, wọ́n ń pọ́n àdá. Yèyé bi wọ́n pé, “Agbára ọjọ́ kan tí o ní o fẹ́ yìí, ṣé ìyá oníwàrà yóò là á já?”

“Yèyé, ẹ ò rí ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọba ni?”

“Mo rí i. Ìyá oníwàrà ni mo béèrè.”

Bàbá Kékeré ń pọ́n àdá wọn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkàn wọn ti yí padà. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwé náà dára títí dé Durfa, àti pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Wọn kò fẹ́ràn ohun tó tẹ̀lé e rárá: wọ́n dájọ́ ikú fún Onyesonwu, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta, lẹ́yìn náà ni ìwé náà tún òpin ara rẹ̀ kọ, ó ní bóyá kò kú, bóyá ó pa ara dà di Kponyungo, ẹranko oníná tí àwọn Senufo máa ń gbẹ́ sára agọ̀ wọn, tó sì fò lọ. Àbúrò mi fẹ́ràn òpin kejì yìí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kan kò lè ní òpin méjì, kí òǹkọ̀wé mú ọ̀kan. Yèyé ní bó bá fò lọ, kó fò lọ, ṣùgbọ́n òun náà ti lóyún, ẹ má gbàgbé.

A ti ń wá ìwé mìíràn fún ọyẹ́ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ èyí tí kò ní oògùn nínú. Bàbá Kékeré ní igbó ni kí a padà sí, kí a fi iyanrìn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Wàrà ṣì ń wọlé ní ọjọ́ ọjà, díẹ̀díẹ̀; ìyá oníwàrà kò tíì jókòó.